Sísùn nínú ọkọ̀-ilé ní Mòrókò: níbo, èló, kí la sì ń yẹra fún?

Onílé_Lórí_Táyà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Fiat Ducato ni ọkọ̀-ilé náà, gígùn mítà 6.9, gíga mítà 2.9, tọ́ọ̀nù 3.5, èèyàn méjì. Láti Algeciras ní Sípéènì ní ìparí oṣù kìíní títí di àárín oṣù kẹta: Chefchaouen, Fès, Merzouga, Zagora, Tata, Tafraoute, Tiznit, kí a sì gba etíkun padà. Ibo la lè sùn tí ọlọ́pàá kò ní kan fèrèsé lóru? Báwo ni ti gáàsì àti omi? Ìwé wo làwọn èèyàn kì í rántí mú dání? Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ibẹ̀ àti iye owó ni kí ẹ sọ. Ẹ má sọ pé bí a bá débẹ̀ a ó rí i.

BàbáWálé_Leeds
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Orí ìwé ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá èèyàn padà kí táyà tó kan ilẹ̀ Mòrókò.

Ojúlówó ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ẹ̀dà kò tó. Orúkọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti awakọ̀ mu. Bí mọ́tò bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí nótárì ti lu òǹtẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní ọkọ̀-ilé ní Yúróòpù ni kì í gbà kí ọkọ̀ wọn wọ Mòrókò, nítorí náà ẹ ka àdéhùn dé ìsàlẹ̀.

Ẹ wo káàdì ìnṣọ́ránsì aláwọ̀ ewé yín. Lẹ́tà MA ló dúró fún Mòrókò. Bí wọ́n bá ti fa ìlà gba orí MA, káàdì yẹn kò wúlò níbẹ̀. Ẹ ra ti ẹnubodè, èyí tí wọ́n ń pè ní *assurance frontière*, nínú èbúté kí ẹ tó jáde síta. Ìpalára tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíì nìkan ló bò. Kò kan ọkọ̀ tiyín.

Kọ́sítọ́ọ̀mù á kọ ọkọ̀ mọ́ orúkọ ẹni tó wà á wọlé, wọ́n á sì fún un ní ìwé pélébé kan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí owó. Ọkọ̀ lè lo oṣù 6 láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n èèyàn fúnra rẹ̀, ọjọ́ 90 péré ni. Àwọn tó ń fi oṣù ọkọ̀ ka tiwọn ló ń bá ara wọn níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá. Nǹkan míì tún wà: ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ kò lè wọ bàlúù jáde kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pè é nílé lójijì, ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù ni kó kọ́kọ́ lọ kí wọ́n bá a ṣètò ibi tí ọkọ̀ máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ọjọ́ 90 yẹn. Ti Nàìjíríà nílò rẹ̀, ẹ sì gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹnìkan bá mú pásípọ́ọ̀tù méjì dání, èyí tó fi wọlé ni kó fi jáde. Dróònù ńkọ́? Ẹ fi sílé. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nubodè.

Àǹtí_Rónkẹ́
Kí n fi ti ọkọ̀ ojú omi kún un. Algeciras sí Tanger Med, èbúté ńlá Mòrókò, wákàtí kan ààbọ̀ lórí omi. Algeciras sí Ceuta, ìlú Sípéènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mòrókò, yá jù ú lọ, nǹkan bíi wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹnubodè Fnideq wà níwájú, èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tarifa sí Tanger Ville dára fún mọ́tò kékeré. Fún ọkọ̀ oní mítà 6.9, Tanger Med ni. Palmones, lẹ́bàá Los Barrios, ni ọ̀pọ̀ oní-ọkọ̀-ilé ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ tí ọjọ́ ìpadà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ sọ gíga ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tó wà lórí òrùlé, bíi sólà àti àpótí. Bí ẹ bá pè é kéré, wọ́n á gba ìyókù owó lọ́wọ́ yín lórí ìlà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi yìí, orí omi ni ọlọ́pàá Mòrókò ti ń lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù. Ẹ tò síbẹ̀ gbàrà tí ọkọ̀ bá ṣí, kí ẹ tó wá oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láìní òǹtẹ̀, wọ́n á ní kó padà sínú ọkọ̀.

Dírámù kò ṣe é rà dáadáa lẹ́yìn òde Mòrókò, kò sì yẹ kí ẹ mú ju dírámù 2,000 wọlé tàbí jáde. Ẹ gba owó ní ATM inú èbúté. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ń gba owó ń gba dírámù lọ́wọ́, ẹ má sì wọ ìlà Jawaz, àwọn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló wà fún. Tanger Med jìn sí ìlú Tangier tó bíi kìlómítà 45. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn nínú ọgbà èbúté níbi táwọn ọkọ̀-ilé tò sí, kí ẹ gbéra láàárọ̀. Ẹ má wakọ̀ lóru ọjọ́ àkọ́kọ́.

Adé_OjúỌ̀nà
Ti ibi sísùn ni mo dúró dè.

Ní Mòrókò, ilẹ̀ tí kò ní mẹ́gáàdì ṣọ̀wọ́n. Ibi tí mọ́tò bá ti lè dúró, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ òféefèé tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní *gardien*. Òun ni kí ẹ wá lọ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kí i ní "salaam alaikum", ẹ bi í pé "combien la nuit?", kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye kí ilẹ̀ tó ṣú. Dírámù 20 sí 50 ni òru kan ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àárín Marrakech lè ga jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kì í ju dírámù 5 sí 10. Bí ẹ bá ti san án, òun ló máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá dé. Mẹ́gáàdì ọ̀sán àti ti òru sábà máa ń yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ bi ti ọ̀sán bóyá òun náà ló ń gba owó òru. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó san lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì máa pè é ní olè láìjẹ̀bi.

Kámpíìnnì tó ní iná, omi àti ibi ìdàgbẹ́ nù wà láàárín dírámù 70 sí 120 fún èèyàn méjì. Nígbà míì iná dá wà, dírámù 20 sí 25. Ẹ ò nílò kámpíìnnì lójoojúmọ́. Ẹ sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pọnmi, ẹ da ìdọ̀tí, ẹ fọṣọ, kí ẹ fi ìyókù sùn sọ́dọ̀ mẹ́gáàdì, àgbàlá *auberge* (ilé àlejò kékeré), tàbí ilé oúnjẹ. Ẹni tó bá ra tajine ní ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, tó sì béèrè dáadáa, wọn kì í sábà gba owó ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé epo ńlá orí márosẹ̀ náà ní ẹ̀ṣọ́, mọ́ṣáláṣí, káfé àti ilé ìgbẹ́ tọ̀sán-tòru. Ariwo tírélà ni ìyà ibẹ̀. Ẹ gbé orí ibùsùn kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n tò sí.

Ó yá, ọ̀nà tiyín.

Chefchaouen: Camping Azilan, lórí òkè lókè ìlú. Ẹ má jẹ́ kí GPS mú yín gba inú medina (ìlú àtijọ́), ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò ní gba mítà 6.9. Ẹ gba ọ̀nà tó yí ìlú ká, kí ẹ tẹ̀lé àmì tó kọ *camping*. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ mú igi ìtìkẹ̀ táyà dání. Ẹsẹ̀ lẹ fi máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú, ìgòkè padà ló máa dun orúnkún.

Láàárín ibẹ̀ sí Fès, ẹ lè yà sí Moulay Idriss àti Volubilis. Ẹ bá mẹ́gáàdì ẹnu ọ̀nà Volubilis sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, kí ẹ bi í bóyá ẹ lè sùn síbẹ̀. Ní Fès, Camping Diamant Vert ní gúúsù ìlú, kí ẹ wọ *petit taxi* (takisí kékeré inú ìlú) pupa lọ sí medina. Èèyàn mẹ́ta péré ni *petit taxi* ń gbà. Bí ẹ bá ń wọ ìlú, ọmọkùnrin orí ọ̀kadà lè sáré tẹ̀lé fèrèsé yín pé òun máa mú yín dé kámpíìnnì. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ máa lọ. Bó bá ṣáájú yín débẹ̀, ó di owó.

Fès sí Merzouga, ẹ má fi ọjọ́ kan rìn ín. Azrou lọ́jọ́ kìíní tàbí Midelt, lẹ́yìn náà Meski, bíi kìlómítà 20 sí Errachidia, níbi tí omi ti ń sun láti inú àpáta tí ọ̀pẹ déètì sì yí kámpíìnnì ká. Ní Hassilabied, ṣáájú Merzouga, *auberge* tò lẹ́sẹ̀ òkè iyanrìn Erg Chebbi. Dírámù 50 sí 100 ni àgbàlá wọn. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ dúdú oníkókó líle. Gbàrà tí àwọ̀ ilẹ̀ bá pọ́n bí ọsàn, iyanrìn nìyẹn, ẹ padà lẹ́yìn.

Ní Todra, ẹ sùn ní kámpíìnnì inú igbó ọ̀pẹ kí ẹ tó dé ibi tí àpáta ti fún ọ̀nà. Ẹ má sùn sínú ihò àpáta náà, òkúta ń já bọ́, omi sì lè dé lóru. Ouarzazate ní kámpíìnnì ìjọba ìlú. Zagora ní oríṣiríṣi lábẹ́ ọ̀pẹ. Láti ibẹ̀ ẹ gba Foum Zguid lọ sí Tata lórí N12, kámpíìnnì wà ní Tata àti Icht, kò sí ńǹkan púpọ̀ láàárín wọn. Ẹ kún epo kí ẹ tó kúrò ní Zagora.

Tafraoute ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú igbó ọ̀pẹ ẹ̀yìn ìlú, lọ́nà Agard Oudad, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀-ilé ń tò síbẹ̀ nígbà òtútù. Ìjọba ìlú yan mẹ́gáàdì tó ń gba owó kékeré lálẹ́, àwọn kan ń gbé omi wá, àwọn kan ń kó ìdọ̀tí, obìnrin ń ta búrẹ́dì gbígbóná láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kámpíìnnì gidi, ó wà nínú ìlú. Láti ibẹ̀ lọ sí Tiznit, ẹ máa gba orí òkè Col du Kerdous, mítà 1,100, ọ̀nà náà ń kọ́ kòrókòró ṣùgbọ́n ó dára. Kámpíìnnì ìjọba ìlú ní Tiznit máa ń kún fọ́fọ́ ní oṣù kìíní àti ìkejì. Ẹ dé kí agogo 11 àárọ̀ tó lù, ìgbà yẹn làwọn tó ń lọ ń yọ wáyà.

Ọmọ_Etíkun
Ẹ̀gbọ́n Adé ti sọ òdodo, ṣùgbọ́n kò sí dandan kí èèyàn máa wá mẹ́gáàdì kiri. Láti Sidi Ifni sókè sí Essaouira, gbogbo etí òkun ló ṣí sílẹ̀. Èèyàn lè dúró níbi tó bá wù ú.

Adé_OjúỌ̀nà
Àbúrò, ìròyìn àtijọ́ nìyẹn. Láàárín Agadir sí Taghazout, jàndáàmù (ọlọ́pàá ìgbèríko) ń wá lálẹ́, wọ́n ń ní kí ọkọ̀-ilé gbéra, pàápàá lórí iyanrìn tí wọ́n ti gbé àmì èèwọ̀ sí. Wọn kì í sábà jà, ṣùgbọ́n agogo 10 alẹ́ kò dára fún àtiwá ibòmíì lórí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń rìn láìní iná. Láti ìgbà tí wọ́n pa àwọn obìnrin àrìnrìn-àjò méjì lẹ́bàá Imlil ní oṣù Kejìlá 2018 ni ọwọ́ wọn ti le sí i lórí ẹni tó dá sùn sínú igbó. Ẹ̀rù pé nǹkan á ṣe yín lórí ilẹ̀ wọn ló ń bà wọ́n.

Ní etíkun, ẹ lo ibi tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀: Imi Ouaddar ní àríwá Agadir, Sidi Magdoul ní Essaouira, ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ń ṣọ́ ní Oualidia lẹ́bàá ọ̀sà, Moulay Bousselham lẹ́bàá Merja Zerga. Ní Salé, ibi ìgbọ́kọ̀sí èbúté Bouregreg súnmọ́ Rabat, tíráàmù kò jìnnà. Ní Marrakech, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Koutoubia ni, bí ẹ bá lè fara da ariwo ìlú.

Park4Night àti iOverlander, áàpù tí èèyàn fi ń wá ibi sísùn, wúlò, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó wo ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá jẹ́ ti ìgbà òtútù yìí, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ sì mú ibi kejì lọ́wọ́ nígbà gbogbo, kí ẹ dúró kí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ tó kọjá.

Mẹkáníìkì_Ìbàdàn
Gáàsì ni tèmi. Ẹ ṣírò rẹ̀ nílé. Fíríìjì tó ń lo gáàsì ń jẹ gíráàmù 300 sí 400 lóòjọ́. Oúnjẹ sísè fún èèyàn méjì, gíráàmù 100 sí 150. Ìyẹn bíi ìdajì kílò lóòjọ́, láìka ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Ọjọ́ 45 yín á gbà tó kílò 22. Ní Azrou àti Midelt, ẹ̀rọ amúlé-gbóná lè jẹ kílò kan lóru. Ẹ má fojú di òtútù òkè wọ̀nyẹn. Ifrane, nítòsí Azrou, ni wọ́n ti ka −23.9 °C ní 1935, òtútù tó le jù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Áfíríkà.

Kò sí ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa gáàsì mọ́tò fún ni ní Mòrókò bíi ti Sípéènì. Ẹni tó ní sìlíńdà àkúntúnkún, kó kún un ní Sípéènì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Sìlíńdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé ẹnìkan ń kún sìlíńdà ilẹ̀ òkèèrè: á gbé ti Mòrókò kọ́ sókè, á dojú rẹ̀ dé, á so họ́ọ̀sì mọ́ tiyín nísàlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì léwu. Kò sí ohun tó máa dá a dúró ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì olómi ń wú bí oòrùn bá mú un. Bí kò bá sí àyè fún un nínú sìlíńdà, fáàfù ààbò ló máa tú u jáde sínú àpótí ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá máa ṣe é dandan, ẹ wọn sìlíńdà lórí òṣùwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ má jẹ́ kó ju iye kílò tí wọ́n kọ sí i lára.

Ohun tó rọrùn ni kí ẹ ra sìlíńdà tiwọn. Kílò 3 wà, kílò 12 wà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ń pè ní *hanout* ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìjọba ń san díẹ̀ lára owó rẹ̀. Kílò 12 jẹ́ dírámù 40 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di 50 ní oṣù karùn-ún 2024. Ẹ san owó ìdúró sìlíńdà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn gáàsì nìkan lẹ ń san. Ẹ wọn àpótí gáàsì yín kí ẹ tó rà á, kílò 12 sanra.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe: régúlétọ̀, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù. Wọ́n á ra régúlétọ̀ Mòrókò ní *droguerie* (ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́), wọ́n á so ó mọ́ sìlíńdà, wọ́n á wá ki họ́ọ̀sì bọ inú régúlétọ̀ tó ti wà lára ògiri ọkọ̀. Méjì ti tò tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Ìkíní ti sọ agbára gáàsì di bíi 30 mbar, ìkejì tún gé e kù. Iná sítóòfù á wá di pupa wẹ́rẹ́, fíríìjì á máa kú. Bí ẹ bá lo régúlétọ̀ wọn, ẹ yọ ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú họ́ọ̀sì gáàsì tuntun mítà kan àti kílíìpù mẹ́rin láti ilé. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀, bó bá ń hó, ẹ tú u, ẹ tún un dè.

Bútéènì ni gáàsì wọn. Ní nǹkan bíi 0 °C kì í yọ́ di atẹ́gùn mọ́. Bí iná bá kú ní Midelt láàárọ̀ tí sìlíńdà sì wúwo síbẹ̀, kò tán, òtútù ni kò jẹ́ kó di atẹ́gùn. Ẹ fi sìlíńdà pròpéènì tí ẹ kún ní Sípéènì pamọ́ fún òkè, kí ẹ lo ti Mòrókò ní aṣálẹ̀ àti etíkun. Ẹ má sì tan sítóòfù láti fi yá iná nínú ọkọ̀ tí ẹ ti tì pa. Èéfín tí kò ní òórùn ló ń pa èèyàn lójú oorun.

Àǹtí_Rónkẹ́
Omi ní ṣókí. Ẹnu ẹ̀rọ omi wọn sábà máa ń wà láìní ojú ìlọ́. Ẹ mú rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ ẹnu ẹ̀rọ, tó ní kílíìpù tí wọ́n ń fi sìkúrúdírafà dì. Láìsí rẹ̀, gáláọ̀nù lẹ ó máa fi rọmi sínú táǹkì. Bí omi náà kò bá dá yín lójú, ẹ fi jíìkì funfun tí kò ní òórùn sí i: èyí tó lágbára ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkán 2 sí lítà kan, nǹkan bíi mílílítà 10 fún táǹkì lítà 100, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30. Mímu, ẹ ra Sidi Ali tàbí Aïn Saïss, gáláọ̀nù lítà 5.

Iná kámpíìnnì kì í lágbára, ẹ má tan amúlé-gbóná oníná àti kẹ́tù pọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, torí pé wáyà ilẹ̀ lè má sí, àti ẹ̀yà sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì ti Faransé. Agolo ìgbẹ́ inú ọkọ̀, ibi tí kámpíìnnì bá fi hàn nìkan ni kí ẹ dà á sí. Ẹ lo èyí tí kò ní kẹ́míkà líle, ihò ìgbẹ́ wọn ni yóò pa.

Ẹni tó bá mú ajá lọ: kí ajá tó kúrò ní Yúróòpù tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn dìgbòlugi, 0.5 IU/ml ó kéré tán. Ẹni tó bá ṣe é ní Mòrókò, oṣù 3 ni ajá máa dúró kó tó padà.

BàbáWálé_Leeds
Ó ku ọ̀nà. Àárín ìlú 60 tàbí 40, ìta ìlú 100, márosẹ̀ 120. Ọlọ́pàá tó mú ẹ̀rọ tó ń wo ìsáré wà lẹ́yìn igi. Bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ṣẹ́ iná fún yín, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì. Níbi tí wọ́n kọ *Halte* sí, ẹ dúró pátápátá títí wọ́n á fi juwọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wo yín. Ẹ kọ́ àmì "dúró" ní Lárúbáwá, قف, torí pé kì í sábà ní ọ̀rọ̀ míì lábẹ́. Etí ọ̀nà tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, ẹ má gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Ní gúúsù, jàndáàmù máa ń gba *fiche*, ìwé pélébé tó ní àlàyé nípa yín. Ẹ tẹ̀ tó 20 nílé: orúkọ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ọkọ̀, àti àyè fún nọ́ńbà ìwọlé tó wà lórí òǹtẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, ẹ máa lọ. Kámpíìnnì náà ń gbà á.

Mẹkáníìkì_Ìbàdàn
Táyà. Ọ̀dà ọ̀nà aṣálẹ̀ lè fẹ̀ tó ọkọ̀ kan àbọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì já sísàlẹ̀ bí ẹnu àwo tó fọ́. Bí tírélà bá ń bọ̀, ẹ má fi sísáré gbé táyà kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Etí ọ̀dà ló ń ya ẹ̀gbẹ́ táyà, fọganáísà kò sì lè lẹ ẹ̀gbẹ́. Ẹ dín ìsáré kù dé bíi 30 kí ẹ tó bọ́ síbẹ̀. Táyà tí wọ́n kọ CP sí (ti ọkọ̀-ilé), 225/75 R16, ń gba tó 5.5 bar lẹ́yìn bí ẹrù bá pé. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ mú sípíà gidi dání. Ike tí wọ́n ń fi kún ihò kò wúlò fún ẹ̀gbẹ́ tó ya.

Ducato, táyà iwájú ló ń fà. Bí ó bá rì sínú iyanrìn, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná, ńṣe ló máa gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Ẹ gbẹ́ iwájú táyà méjèèjì iwájú, ẹ tẹ́ ìtẹ́ẹsẹ̀ sí i, ẹ tú èémí táyà dé bíi 2.5 bar, kí ẹ fi gíà kejì rọra jáde. Ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré.

Ojú ọ̀nà tó bá dà sísàlẹ̀ pẹrẹsẹ tó ní òpó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, odò gbígbẹ ni ẹ ń kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìkún omi gbé bọ́ọ̀sì lọ ní agbègbè Tata. Òjò tó rọ̀ lórí òkè tí ẹ ò tiẹ̀ rí ló ń wá. Bí omi bá bo ọ̀dà, ẹ dúró, wákàtí díẹ̀ ló sábà ń lọ. Ọ̀nà orí òkè Tizi n'Tichka, mítà 2,260, lórí N9 láti Marrakech: bí yìnyín bá bọ́, wọ́n á ti géètì. Tizi n'Test kì í ṣe ti ọkọ̀ oní mítà 6.9, ó tóóró jù, ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹsàn-án 2023 sì ba ọ̀nà agbègbè yẹn jẹ́.

Onílé_Lórí_Táyà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù: a fẹ́ dé sáwíyà (ibi ìjọ́sìn) Ṣéú Àmọ́dù Tìjání ní Fès, ibo la máa gbé ọkọ̀ sí? Àwẹ̀ Ramadan sì lè bá wa lọ́nà.

Alhaji_Peckham
As-salaam alaykum. Inú medina ni sáwíyà náà wà, mọ́tò kò wọ ibẹ̀ rárá. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní kámpíìnnì, ẹ wọ takisí lọ sí Bab Boujloud, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀pọ̀ ará wa láti Ìlọrin àti Ìbàdàn ló ń ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù mọ ọ̀nà rẹ̀ bí ẹ bá bi wọ́n léèrè "zaouia Tijania". Ẹ má tẹ̀lé ẹni tó bá ní òun máa mú yín lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Ramadan, Mòrókò máa ń dá agogo padà ní wákàtí kan, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi sì lè lo aago Mòrókò tàbí ti Sípéènì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé oúnjẹ ìta ìlú á ti lọ́sàn-án. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú ìṣínu, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀: gbogbo ayé ló ń sáré relé, ọ̀nà kò dára. Bí ìrun Màgàríìbì bá ti pè, ọ̀nà á dá wáí. Mẹ́gáàdì náà á lọ ṣínu, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Bí ẹ bá fún un ní déètì àti ọbẹ̀ harira abọ́ kan, ọkọ̀ yín ló kọ́kọ́ máa ṣọ́.

Àǹtí_Rónkẹ́
Fún ìpadà: ẹ má gba N2 tó kọjá Ketama láàárín Chefchaouen sí ìlà oòrùn, àwọn tó ń ta igbó á máa lé yín lórí ọ̀nà, ajá kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń bẹ ní èbúté. Ẹran àti wàrà kò gbọ́dọ̀ padà wọ Yúróòpù, ẹ jẹ ẹ́ tán.

Alẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ sùn ní Martil tàbí Asilah nínú kámpíìnnì olódi, ẹ má sùn sí òpópónà Tangier. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bí wọ́n á ṣe kọjá sí Yúróòpù ń sá wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń gun òrùlé. Ní ìlà èbúté, kí ẹnìkan máa wà níta ọkọ̀. Ẹ ti àpótí ẹ̀yìn, fèrèsé òrùlé àti ilẹ̀kùn gáàsì. Kí ẹ tó dé ibi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ọkọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́: àárín ásùlù ẹ̀yìn àti táǹkì omi ìdọ̀tí, àti lẹ́yìn sípíà.